Ìfiwéra Ọgbọ́n Iṣẹ́ Abẹ Onítànṣán fún Jẹjẹrẹ tí ó Tàn dé Ọpọlọ: Ohun tí ó Kan Aláìsàn láti Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáárà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ìròyìn kan jáde láti Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ó kó jìnnìjìnnì bá gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn kan, ojú wọn ń ṣú, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àwọn oníṣègùn ìjọba yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, májèlé methanol inú ọtí ògógóró ni wọ́n rí pé ó fà á. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú jẹjẹrẹ. Ohun tí ó mú un yẹ ní mímẹ́nubà níbí ni pé orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú jẹ́ àmì tí ohun púpọ̀ lè fà, àti pé ìtumọ̀ tí àwọn ará ilé bá kọ́kọ́ fún àmì bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń pinnu ibi tí wọn yóò gbé aláìsàn lọ.

Ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọkàn kì í tètè lọ sí ni jẹjẹrẹ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn nínú ara kí ó tó ta kókó sínú ọpọlọ. A lè fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan ní Òkìtìpupa tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ ọyàn. Ó gba oògùn, irun rẹ̀ re, irun náà tún hù, ó sì padà sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láràárọ̀, èébì ń gbé e, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì lágbára láti gbé ìwé bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ń pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Àwọn ará ilé lè ní ibà ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsinmi. Àwọn mìíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Bí ó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ni ó ti dé ọpọlọ, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iyèméjì yẹn lè yí irú ìtọ́jú tí ó ṣì ṣeé ṣe padà.

Iṣẹ́ yìí ṣe àfiwé àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ onítànṣán fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀: Gamma Knife, CyberKnife, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní linac. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kéré sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin títan ìtànṣán sí gbogbo ọpọlọ àti títan án sí ojú kókó nìkan. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìrántí, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìyàtọ̀ kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń dé inú ọpọlọ

Jẹjẹrẹ tí ó máa ń tàn dé ọpọlọ jù ni ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ọyàn, irú jẹjẹrẹ awọ ara tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mẹlanómà, ti kíndìnrín àti ti ìfun ńlá. Jẹjẹrẹ prostate, tí ó ń bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin jà ní Nàìjíríà, kì í sábà wọ inú ọpọlọ. Eegun ni ó fẹ́ràn. Jẹjẹrẹ ọyàn ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn obìnrin Nàìjíríà. Irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní triple-negative, èyí tí ó tètè máa ń tàn, tí ó sì máa ń dé ọpọlọ, wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju bí ó ti rí láàrin àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù lọ.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà rìn. Sẹ́ẹ̀lì kan yóò já kúrò lára kókó àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e lọ, yóò sì há sí ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ ti tín-ín-rín jù nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kókó tí ó bá dìde níbẹ̀ kò di jẹjẹrẹ ọpọlọ: jẹjẹrẹ ọyàn ni síbẹ̀, inú agbárí ni ó kàn ṣí lọ. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi máa ń béèrè ìwé ìtọ́jú àtijọ́ kí ó tó sọ ohunkóhun. Ìṣòro mìíràn ni pé ọpọlọ ní odi kan tí ó ń ṣọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé wọlé, ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ kì í sì í lè kọjá odi náà dáadáa. Jẹjẹrẹ lè ti parẹ́ ní àyà kí ó máa gbilẹ̀ ní orí.

Agbárí kò ṣeé fẹ̀. Bí kókó bá ń dàgbà, tí omi sì ń wú yí i ká, ìfúnpá inú orí yóò ga. Òun ni ó ń fa orí fífọ́ òwúrọ̀, èébì, gìrì àti ojú ṣíṣú. Oògùn dexamethasone máa ń fa omi yìí gbẹ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Aláìsàn yóò dìde, yóò jẹun, yóò rẹ́rìn-ín, ilé yóò sì ní ó ti sàn. Ẹ̀tàn ńlá ni. Kókó wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà, wíwú tí ó yí i ká nìkan ni ó rọlẹ̀.

Ìtànṣán tí wọ́n ń fọ́n sí gbogbo ọpọlọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títan ìtànṣán sí gbogbo ọpọlọ ni ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀ jù fún irú aláìsàn yìí káàkiri àgbáyé. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ìyá ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ṣe ń ṣe púpurú lè fojú inú wò ó. Wọn yóò rẹ gbàgúdá, wọn yóò fún omi rẹ̀, wọn yóò mọ ọ́n ní róbótó, wọn yóò sì tò ó sókè iná. Èéfín yóò máa bá gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí èéfín fi ti àárín sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán yìí ń bá ibi tí kókó wà àti ibi tí kò sí.

Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni 30 Gy tí wọ́n pín sí ìgbà 10, tàbí 20 Gy tí wọ́n pín sí ìgbà 5. Gy yìí ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí agbára ìtànṣán tí ara gbà ti pọ̀ tó. Ọ̀nà náà ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹ̀rọ kóbọ́ọ̀tì àtijọ́ lè ṣe é, kò béèrè àwòrán tí ó péye púpọ̀, ó sì ń kan àwọn kókó tí wọ́n ṣì kéré débi pé àwòrán kò tíì rí wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wò ó níbi tí kò bá sí òmíràn.

Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn ni ó ṣòro láti gbójú fò. Ní ìhà etí méjèèjì, nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, ni ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Òun ni ó ń gba ohun tuntun wọlé kí ó tó di ìrántí: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi tí ẹ̀kọ́ àná parí sí, iye owó tí a san ní ọjà. Bí ìtànṣán bá bà á, aláìsàn á ṣì máa rántí oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í ní kékeré, ṣùgbọ́n kò ní í rántí ohun tí a sọ fún un ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Houston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, pín aláìsàn 58 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ onítànṣán nìkan, àwọn kan gbà á pẹ̀lú ìtànṣán gbogbo ọpọlọ. Ní oṣù kẹrin, ìṣirò àwọn olùwádìí ni pé ẹni 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ìrántí yóò lọ sílẹ̀ fún nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni 52 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ti èkejì. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró kí ó tó pé iye ènìyàn tí wọ́n pète. Ìwádìí mìíràn tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó jáde ní 2016 lórí aláìsàn 213 tí wọ́n ní kókó kan sí mẹ́ta, fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀mí kò gùn sí i fún àwọn tí wọ́n gba ìtànṣán gbogbo ọpọlọ ní àfikún, ọpọlọ wọn ni ó ṣe àárẹ̀ jù.

Ìwádìí kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìlera mọ̀ dunjú. Orúkọ rẹ̀ ni QUARTZ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Aláìsàn 538 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti dé ọpọlọ, tí iṣẹ́ abẹ tàbí iṣẹ́ abẹ onítànṣán kò sì bá ọ̀ràn tiwọn mu, ni ó kópa nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtànṣán gbogbo ọpọlọ pẹ̀lú dexamethasone àti ìtọ́jú ìrọ̀rùn. Àwọn yòókù gba dexamethasone àti ìtọ́jú ìrọ̀rùn láìsí ìtànṣán. Ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ 9.2 láyé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì àwọn ti èkejì ọ̀sẹ̀ 8.5. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti le tó bẹ́ẹ̀, kí ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí ìtànṣán, ó yẹ kí ẹnìkan ka ìwọ̀nyí fún wọn.

Ọgbọ́n Leksell

Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan ní Sweden, Lars Leksell, ni ó ronú ọ̀nà mìíràn ní 1951. Ohun tí ó ń wá ni bí yóò ṣe dé ibi kan pàtó nínú ọpọlọ láìla agbárí. Ọgbọ́n tí ó rí kò ṣòro láti ṣàlàyé ní Òkìtìpupa. Láti Ìkọ́yà, láti Igbótako, láti Ìlú-Títun àti láti Òde-Ìrèlè, ọ̀nà wá sí ọjà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gba ipa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọjá, koríko ibẹ̀ yóò kàn tẹ̀ ni, yóò sì tún dìde. Ṣùgbọ́n àárín ọjà, níbi tí gbogbo wọn ti pàdé, koríko kì í hù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Leksell ṣe fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lágbára wọ inú orí láti ìhà gbogbo. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ṣe ọpọlọ tí ó gbà kọjá ní ohun púpọ̀, ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni iṣẹ́ ti ń ṣe.

Orúkọ tí Leksell fún un ni ó bí ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ abẹ onítànṣán nínú iṣẹ́ yìí. Orúkọ náà kò ṣàìní àléébù. Kò sí abẹ níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, wọn kì í sì í fá orí. Aláìsàn tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìsí àlàyé lè sá padà sílé nítorí pé ó rò pé wọn yóò la òun ní orí. Ó lè jẹ́ pé “ìtànṣán àfojúsùn” ni ì bá bá etí Yorùbá mu jù, ṣùgbọ́n orúkọ ti àkọ́kọ́ ti ń tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti máa fi àlàyé tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ mẹ́ta

Gamma Knife ni àgbà. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stockholm ní 1968 pẹ̀lú orísun ìtànṣán kóbọ́ọ̀tì 179. Irú tí ó jáde ní 2006 ní 192. Gbogbo orísun wọ̀nyí dúró gbọnin nínú àṣíborí irin ńlá kan, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì kọ sí. Ibùsùn aláìsàn ni ó ń sún títí kókó yóò fi bọ́ sí ojú ìpàdé. Kí orí má baà yí, wọ́n máa ń fi férémù irin kan dè é, ìṣó oníyíyí mẹ́rin ni ó sì ń mú un mọ́ agbárí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀. Ìrora rẹ̀ kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bani lẹ́rù. Láti 2015 ni irú tuntun kan ti wà tí ó lè lo ìbojú tí wọ́n mọ sí ojú aláìsàn dípò férémù.

Agbára Gamma Knife wà nínú ìdúróṣinṣin rẹ̀. Ohun tí ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀, ìtànṣán rẹ̀ sì máa ń dínkù kíákíá bí a bá ti kúrò ní etí kókó. Orí nìkan ni ó wà fún. Kò ṣeé lò fún ọyàn tàbí ilé-ọmọ, ohun tí ilé-ìwòsàn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ rò dáadáa nìyí. Kóbọ́ọ̀tì náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀: láàrin ọdún 5 àti oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, ìtọ́jú tí ó ń gba ìṣẹ́jú 30 yóò sì di ti wákàtí kan. Wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, owó ńlá ni, àbò rẹ̀ lójú ọ̀nà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní Áfíríkà, Cairo ní Íjíbítì àti Rabat ní Morocco wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ní in.

CyberKnife jẹ́ àbúrò. John Adler, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leksell ní Stockholm kí ó tó ṣe é. 1994 ni wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú aláìsàn ní Stanford. Ẹ̀rọ ìtànṣán kékeré kan ni, apá róbọ́ọ̀tì gbé e dání, bíi irú èyí tí wọ́n fi ń to ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ya àwòrán agbárí léraléra. Bí orí bá yẹ̀ díẹ̀, apá náà yóò tọ̀ ọ́ lọ. Kò nílò ìṣó, ó sì rọrùn láti pín ìtọ́jú sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ó máa ń pẹ́ lórí ibùsùn, pàápàá bí kókó bá pọ̀.

Linac ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí jù, nítorí òun ni ó sún mọ́ ilé. Ẹ̀rọ ìtànṣán gbogboògbò ni: òun kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, ti ọrùn ilé-ọmọ àti ti prostate. Iná mànàmáná ni ó fi ń ṣẹ̀dá ìtànṣán X-ray; kò ní kóbọ́ọ̀tì nínú. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ní Buenos Aires àti ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún iṣẹ́ Leksell. Orí ẹ̀rọ náà ń yí aláìsàn ká, ibùsùn náà ń yí, ìtànṣán á sì máa wọlé láti ọ̀nà púpọ̀. Nínú ẹnu rẹ̀ ni àwọn abala irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí ń sún síwá sẹ́yìn láti fún ìtànṣán ní ìrísí kókó gan-an. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí lè kọjú sí kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì parí láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tí ó ń yí ní ohun púpọ̀ tí ó lè yẹ̀. Bí àárín yíyí rẹ̀ bá fi mìlímítà méjì kúrò ní ojú ibi tí ó yẹ kí ó wà, kò sí ohun tí yóò ṣe aláìsàn tí wọ́n ń tọ́jú àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún kókó tí gbogbo ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́jọ lọ, ọpọlọ tí ara rẹ̀ dá ni yóò jẹ ìyà náà. Bí wọ́n bá sì ń kọjú sí kókó púpọ̀ pọ̀, orí tí ó yí díẹ̀ péré lè gbé èyí tí ó jìnnà sí àárín kúrò lójú ìtànṣán. Nítorí náà, onímọ̀ físíìsì ìṣègùn tí ń wọn ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú kì í ṣe àfikún. Òun ni ó ń sọ linac lásán di ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ. Kò sí iye owó tí a fi ra ẹ̀rọ tí ó lè dí àlàfo rẹ̀. Iná tí ń lọ tí ń bọ̀ náà kò bá linac lára mu.

Níbi tí ìyàtọ̀ wà gan-an

Ìbéèrè tí ẹbí máa ń béèrè ni èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tíì sí ìwádìí aláfiwé tí ó fi hàn pé ẹ̀mí aláìsàn gùn pẹ̀lú ọ̀kan ju òmíràn lọ, bí wọ́n bá lo gbogbo wọn bí ó ti yẹ. Ohun tí ó ń yí àbájáde padà wà níbòmíràn.

Àkọ́kọ́ ni bí kókó ti tóbi tó. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ RTOG ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2000 ni ó fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tí ìtànṣán ti kan orí wọn rí, ó sì di àtẹ̀gùn fún gbogbo ènìyàn. 24 Gy ni òkè ìwọ̀n fún kókó tí kò ju mìlímítà 20 lọ, 18 Gy fún ti 21 sí 30, 15 Gy fún ti 31 sí 40. Ó hàn pé bí kókó bá ti ń tóbi ni ìwọ̀n tí ọpọlọ àyíká lè gbà ń dínkù, bẹ́ẹ̀ kókó ńlá ni ó nílò agbára jù. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ tí a fi ṣòfò nílé fi ń gbówó lórí. Fún kókó tí ó bá tóbi jù, oníṣẹ́ abẹ lè kọ́kọ́ yọ ọ́, kí ìtànṣán sì tẹ̀lé e ní ojú ihò tí ó fi sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n pín ìtànṣán náà sí ìgbà mẹ́ta tàbí márùn-ún.

Iye kókó kò tó bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní ẹni tí kókó rẹ̀ bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kò yẹ fún iṣẹ́ abẹ onítànṣán. Ní 2014, àwọn ará Japan tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 1,194 tí wọ́n fi Gamma Knife nìkan tọ́jú. Ìdajì àwọn tí wọ́n ní kókó 5 sí 10 gbé oṣù 10.8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 10.8 kan náà ni ti àwọn tí wọ́n ní 2 sí 4. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni bí gbogbo kókó pọ̀ ṣe wọ̀n, àti bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe nínú ara yòókù.

Jimmy Carter tí ó ti jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ó kéde pé mẹlanómà ti ta kókó mẹ́rin kéékèèké sínú ọpọlọ òun. Ẹni 90 ọdún ni nígbà náà. Wọ́n fi ìtànṣán kọjú sí kókó náà, wọ́n sì fún un ní oògùn pembrolizumab tí ń ta agbára ìdáàbòbò ara jí. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, àwòrán kò rí jẹjẹrẹ kankan mọ́. Ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ó ti pé 100 ọdún. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ń rí bẹ́ẹ̀, oògùn náà sì kó ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé “ó ti dé ọpọlọ” kì í ṣe ìdájọ́ ikú lójú ẹsẹ̀ mọ́, bí kókó bá ṣì kéré nígbà tí wọ́n rí i, tí oògùn tí ó bá irú jẹjẹrẹ náà mu sì wà.

Láti Òkìtìpupa

Ilé-Ìwòsàn Àkànṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkìtìpupa ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tí ó bá béèrè pé “ǹjẹ́ o ti ní jẹjẹrẹ rí?” lè kọ ìwé àtẹ̀síwájú ní ọjọ́ kan náà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà Orè pín sí méjì. Ọ̀kan gba Oǹdó àti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì, UCH, wà láti 1957, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní 1962. Ìkejì gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó. Ní Ìdí-Àràbà, nínú ọgbà LUTH, ni ibùdó jẹjẹrẹ tí àjọ NSIA kọ́ pẹ̀lú ilé-ìwòsàn náà wà. Oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i, linac sì ni ẹ̀rọ ìtànṣán tí ó wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà níwájú aláìsàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe Gamma Knife tàbí CyberKnife. Ohun tí ó yẹ kí ẹbí béèrè níbikíbi tí wọ́n bá dé ni èyí: ǹjẹ́ wọ́n ń fi linac yín ṣe iṣẹ́ abẹ onítànṣán ní tòótọ́, àbí ìtànṣán gbogbo ọpọlọ nìkan? Ǹjẹ́ onímọ̀ físíìsì ìṣègùn wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà? Ṣé àwòrán MRI tí a mú wá fẹ́lẹ́ tó? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Àwòrán CT tí wọ́n yà ní kánmọ́kánmọ́ lè fi kókó ńlá kan hàn kí ó sì fi mẹ́ta kéékèèké pamọ́. Fún iṣẹ́ yìí, MRI tí wọ́n gé ní mìlímítà kan kan, pẹ̀lú oògùn tí ń mú kókó tàn yanran, ni wọ́n ń wá. Ohun tí àwòrán kò bá rí, kò sí ẹ̀rọ tí yóò kọjú sí i.

Bí kókó bá pọ̀ jù fún iṣẹ́ abẹ onítànṣán, ọ̀nà àárín kan tún wà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2020 lórí aláìsàn 518 fi hàn pé bí wọ́n bá tan ìtànṣán sí gbogbo ọpọlọ ṣùgbọ́n tí wọ́n yẹra fún hippocampus, tí wọ́n sì fi oògùn memantine kún un, ọpọlọ aláìsàn kò ní í ṣe àárẹ̀ tó ti àwọn tí wọn kò yẹra fún un. Linac òde òní tí ó ní kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò lè ṣe èyí. Fún olùkọ́bìnrin inú àpẹẹrẹ yẹn, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin pípadà sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti jíjókòó sílé.

Iṣẹ́ abẹ onítànṣán ní gbèsè kan tí ìtànṣán gbogbo ọpọlọ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kókó nìkan ni ó kàn, ó fi ìyókù ọpọlọ sílẹ̀ bí ó ti wà, kókó tuntun sì lè hù níbẹ̀. Ìṣọ́ ni a fi ń san gbèsè náà: MRI ní oṣù méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́. Fún ẹni tí ń gbé ní Ìlú-Títun, ìyẹn tó ìrìn àjò mẹ́rin sí mẹ́fà lọ sí ìlú ńlá, pẹ̀lú owó àwòrán nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí ẹbí ti ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ìtọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn ìtọ́jú, tàbí nígbà mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, ojú ibi tí ìtànṣán kàn lè wú padà. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ni ó jí; ó sì lè jẹ́ pé ẹran ara tí ìtànṣán ti pa ni ó ń wú. Nínú àwòrán kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú wọn yàtọ̀ pátápátá. Ohun tí oníṣègùn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n ni kí ó to àwòrán tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀ ní ìtòtẹ̀léra. Nítorí èyí, àwo CD àwòrán àtijọ́ gbogbo, pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ìwọ̀n Gy tí kókó kọ̀ọ̀kan gbà àti ọjọ́ tí ó gbà á, gbọ́dọ̀ wà nínú àpò aláìsàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Òkìtìpupa.